Bí o ṣe lè dìbò ní Àkúrẹ́, láti ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ dé ìgbà tí wọ́n bá lẹ èsì mọ́ ògiri

Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi wà lójú ọ̀nà Ọ̀dà, ní Àkúrẹ́. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ yìí. Ọmọbìnrin márùn-ún ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi báyìí, mẹ́ta nínú wọn kò sì tíì dìbò rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí a ti ń gé aṣọ ẹbí kan, àgbà wọn bi mí pé, "Mọ̀mí, ẹ má bínú o, tí èèyàn bá dé ibi tí wọ́n ti ń dìbò, kí ló máa ń ṣe gan-an? Mo máa ń rí ìlà wọn láti òkèèrè, mi ò mọ ohun tó wà níwájú ìlà náà."

Mo gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Ọmọ ọdún 22 ni. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ "ẹ jáde wá dìbò" lórí rédíò, kò sì sí ẹni tó jókòó tì í kó ṣàlàyé. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà, àti èyí tí mo tún rántí lẹ́yìn rẹ̀, ni mo kọ síbí.

Orúkọ rẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà nínú ìwé. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó sì ti pé ọdún 18, lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ INEC, àjọ tó ń ṣètò ìbò ní Nàìjíríà. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá ní kí o mú ohunkóhun wá, má fún un. O lè bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù, ní cvr.inecnigeria.org, níbi tí o ti máa kọ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àdúgbò rẹ. Ṣùgbọ́n fóònù kò lè parí rẹ̀. O ṣì máa fẹsẹ̀ ara rẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ, kí wọ́n ya àwòrán ojú rẹ, kí wọ́n sì gba ìtẹ̀ka ọwọ́ rẹ. Mú ìwé tó fi ọjọ́ orí rẹ hàn dání. Wọ́n máa ń ti ìforúkọsílẹ̀ pa nígbà tí ìbò bá ń sún mọ́lé, nítorí náà má dúró di ìgbà tí pósítà bá kún gbogbo ògiri Ọjà Ọba.

Ibi tí o forúkọ sílẹ̀ sí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ ṣe rò lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi, Ìkàrẹ́ ló ti wá, ibẹ̀ ló sì ti forúkọ sílẹ̀ kó tó wá kọ́ṣẹ́. Nígbà tí ìbò gómìnà dé ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2024, káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ń fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi òfin de ìrìnnà ọkọ̀ títí ìbò á fi parí, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ kò lè gbé èèyàn láti Àkúrẹ́ dé Ìkàrẹ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo àwa tí a ń kọjá. Ó dùn mí, nítorí èmi ni mi ò tètè bi í léèrè. Bí ìwọ náà bá ti ṣí kúrò níbi tí o ti forúkọ sílẹ̀, ní kí INEC gbé orúkọ rẹ wá sí àdúgbò tí o ń gbé. Àkókò ìforúkọsílẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ìyẹn. Má forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì o! Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin.

Lẹ́yìn náà ni káàdì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní PVC. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o lọ gbà á, wọn kì í fi rán èèyàn. Bí o bá ti gbà á, wo nọ́ńbà ibùdó ìdìbò tó wà lára rẹ̀. 28 ló máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà ìpínlẹ̀ Oǹdó nìyẹn. Ìjọba ìbílẹ̀ ló tẹ̀ lé e, wọ́ọ̀dù tẹ̀ lé ìyẹn, ibùdó ìdìbò rẹ gan-an ló kẹ́yìn. Rìn débẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ní ọdún 2021, INEC dá ọ̀pọ̀ ibùdó tuntun sílẹ̀ kí èrò lè dín kù, tó fi jẹ́ pé àwọn mìíràn dé ibi àtijọ́ wọn tí wọn kò bá orúkọ wọn mọ́. Ìyàwó àbúrò mi wà lára wọn. Ó rin ìrìn wákàtí kan gbáko nínú oòrùn kó tó rí ibi tí orúkọ rẹ̀ wà.

Mo tún ṣàlàyé fún wọn pé ìbò kì í ṣe ẹyọ kan. Ní ìbò gbogbogbòò, ọjọ́ kan náà ni a ń yan Ààrẹ, sẹ́nétọ̀ àti ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin. Ọjọ́ mìíràn ni a ń yan àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. 26 ni wọ́n ní Oǹdó. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ọjọ́ kejì yìí náà ni wọ́n ń dìbò gómìnà. Tiwa kì í sí lára rẹ̀, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́ nítorí ó ní ohun tó fi ń kọ́ wa. Ti alága káńsù àti káńsílọ̀ kò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ INEC rárá. ODIEC, àjọ ìdìbò ti ìpínlẹ̀ wa, ló ń ṣe é. Èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn tí mo lọ wáyé ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2025. Èrò kì í pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìjọba tó sún mọ́ gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi jù lọ nìyẹn.

Ó yá, ọjọ́ ìbò.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ni wọ́n ń parí. Aago méje kọjá díẹ̀ ni èmi máa ń dé ibùdó tèmi, lábẹ́ igi máńgòrò kan nínú ọgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń gbé àpótí ìjókòó kékeré dání, omi, àti awò ojú mi. Má wọ aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú, má sì polongo fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àgbàlagbà, aláboyún àti ẹni tó ní ìpèníjà ara ni wọ́n ń fún láyè síwájú. Bí o bá rí wọn lẹ́yìn lórí ìlà, pè wọ́n wá síwájú, má dúró de òṣìṣẹ́.

Níwájú ìlà náà, ẹni àkọ́kọ́ tí o máa bá, àgùnbánirọ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀rọ BVAS, èyí tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa wá orúkọ rẹ lórí rẹ̀, ó máa ní kí o gbé ìka lé e. Àwa aránṣọ ni kí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ yé. Abẹ́rẹ́ àti ṣọ́ọ̀kì ti jẹ orí ìka mi tán. Ní ọdún 2023, ẹ̀rọ náà kọ àtàǹpàkò mi, ó kọ ìka ìfábẹ̀là, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ń fi aṣọ nù ún títí. Àyà mi já. Àmọ́ nígbà tó gbé e sókè sí ojú mi, tí mo bọ́ awò ojú mi, kíá ló mọ̀ mí. Nítorí náà, bí ìka bá kọ̀, má bínú kúrò lórí ìlà. Ní kí wọ́n fi ojú rẹ wò ó. Àwọn àgbẹ̀ kòkó àti àwọn tó ń lọ ata, ọ̀rọ̀ yín náà ni mo ń sọ.

Ẹni kejì máa fàmì sí orúkọ rẹ nínú ìwé àkọsílẹ̀, á sì fi tàdáwà sí ẹ̀yìn èékánná rẹ. Ẹni kẹta ni olórí ibùdó. Òun ló máa fún ọ ní ìwé ìdìbò. Kí o tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, yí ẹ̀yìn ìwé náà padà kí o wò ó: ó gbọ́dọ̀ ti lu òǹtẹ̀ síbẹ̀, kó sì ti bu ọwọ́ lù ú. Bí kò bá sí, sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lù lè di ohun tí wọ́n jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń kà á. Àṣìṣe tirẹ̀ ni, ìbò tìrẹ ló máa ṣòfò.

Wàá wá wọ ibi ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fi páálí gé. Má mú fóònù wọ ibẹ̀. Bí o bá ṣí ìwé náà, o ò ní rí àwòrán olùdíje kankan, bẹ́ẹ̀ ni o ò ní rí orúkọ wọn. Àmì ẹgbẹ́ àti orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n sì tò wọ́n sórí ara wọn gbọọrọ. Bàbá kan ládùúgbò wa wọlé, ó pẹ́ títí kó tó jáde, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀: ó ń wá ojú ẹni tó fẹ́ dìbò fún, kò rí i. Mọ àmì ẹgbẹ́ rẹ kí o tó kúrò nílé. Kọ́ ọ bí ọmọdé ṣe ń kọ́ a, b, d.

Ibi títẹ̀ka yìí ni mo fẹ́ kí o farabalẹ̀ gbọ́. Ní ọdún 2011, mo fi ìka wọ tàdáwà wọ̀ọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ síbi tí mo fẹ́, mo sì yára ká ìwé náà sí méjì nítorí pé àwọn èèyàn wà lẹ́yìn mi. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ń ka ìbò, olórí ibùdó gbé ìwé kan sókè. Tàdáwà wà lójú àmì ẹgbẹ́ kan, òmíràn tó dà bí òjìji rẹ̀ wà lójú àmì kejì. Wọ́n ní èyí ti bàjẹ́, wọ́n gbé e sọ́tọ̀. Mi ò lè búra pé tèmi ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí mo tẹ̀, mo sì mọ bí mo ṣe ká a. Mo dúró níbẹ̀, ó ń ṣe mí bíi pé mi ò jáde nílé rárá.

Láti ìgbà náà, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń fi ìka kan tàdáwà náà díẹ̀. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, láìfà á, kó má fi kan ìlà òkè tàbí ti ìsàlẹ̀. Mo máa ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i títí yóò fi gbẹ. Bí olórí ibùdó ṣe ká a fún mi gẹ́lẹ́ ni mo máa ń ká a padà, kí tàdáwà má bàa lẹ̀ mọ́ ojú ẹlòmíràn. Mo máa ń nu ìka mi kí n tó tún fọwọ́ kan ìwé náà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà náà ni pé bí ìwé bá ṣèèṣì bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ kí o tó jù ú sínú àpótí, o lè gbé e padà fún olórí ibùdó, kó sì fún ọ ní òmíràn. Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kò ríran lè mú ẹni tó fọkàn tán wọlé láti ràn án lọ́wọ́. Òun ló máa yan ẹni náà, kì í ṣe aṣojú ẹgbẹ́ kankan ló máa yan ara rẹ̀ fún un.

Owó ńkọ́? Àwọn ọmọ náà bi mí, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Dìbò kó o sebẹ̀" kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ wa. Lọ́jọ́ ìbò kan, ọmọkùnrin kan tí mo mọ ìyá rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní, "Màmá, ẹ sáà rọra fi hàn mí kí ẹ tó jù ú sínú àpótí." ₦5,000 ni. Mi ò bú u. Mo ní kó jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣírò aṣọ: ọdún mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 1,461. Pín ₦5,000 sí i, kò tó náírà mẹ́rin lójúmọ́, kò ra omi inú ọ̀rá kan. Mo mọ̀ pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tíì jẹun láàárọ̀ yẹn kò lè gbé ìṣírò yìí sórí iná. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi bí sí ẹni tó gbà á tó bí ó ṣe ń bí sí ẹni tó gbé e wá. Ṣùgbọ́n òfin mú àwọn méjèèjì. Ibi ìkọ̀kọ̀ náà sì wà kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ohun tí o ṣe. Ẹni tó bá ní kí o fi ìwé rẹ han òun, ìkọ̀kọ̀ yẹn gan-an ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ.

Èyí tó kéré jù nínú wọn ló wá sọ èyí tí mo ti ń retí: "Mọ̀mí, ìbò tèmi nìkan, kí ló máa yí padà?" Mo sọ ti Ọ̀ṣun fún un, ìpínlẹ̀ tó múlé gbè wá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, nígbà tí wọ́n ka ìbò gómìnà tán, Ademola Adeleke ní 254,698, Gboyega Oyetola ní 254,345. 353 péré ló wà láàárín wọn. INEC ní ìbò náà kò tíì parí, wọ́n tún un dì ní ibùdó méje, Oyetola sì fi 482 borí. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò wa nìkan ju iye yẹn lọ. Ní Oǹdó tiwa lọ́dún 2024, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì. Àwọn tó jáde wá kò tó 600,000. Lucky Aiyedatiwa wọlé pẹ̀lú ìbò 366,781. Fi ìyẹn wé àwọn tó jókòó sílé, kí o sọ fún mi ẹni tó yan gómìnà.

Mo ti ṣèlérí láti sọ ìdí tí ìbò gómìnà wa fi dá wà. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2007, wọ́n kéde pé Olusegun Agagu ló wọlé. Olusegun Mimiko gba kóòtù lọ. Ìwé ìbò ni wọ́n ń kó wá, ibùdó kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n sì yẹ ìtẹ̀ka tó wà lára wọn wò. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2009, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Benin fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Mimiko ló borí. Ọjọ́ kejì ni wọ́n búra fún un, ọjọ́ yẹn ni ọdún mẹ́rin rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni kàlẹ́ńdà wa ti yà kúrò lára ti àwọn yòókù.

Ọ̀nà mìíràn tí àwọn èèyàn gbà bínú, mo rí i nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 15. Ọ̀wọ̀ ni a ń gbé nígbà yẹn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1983, wọ́n kéde pé Akin Omoboriowo ló borí Gómìnà Adekunle Ajasin, tí í ṣe ọmọ Ọ̀wọ̀. Bàbá mi gbé rédíò sétí, kò sọ̀rọ̀. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Nílùú Àkúrẹ́ níbí àti káàkiri ìpínlẹ̀, wọ́n sun ilé, wọ́n sì pa èèyàn. Kóòtù ló wá dá ipò Ajasin padà. Àwọn tó kú kò padà wá. Ìwé ló dá ìbò padà nígbà méjèèjì, iná kò dá ohunkóhun padà. Nítorí èyí ni mo ṣe ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n má lọ sílé bí wọ́n bá ti dìbò tán.

Bí aago méjì ààbọ̀ bá lù, ẹni tó bá ti wà lórí ìlà ṣì máa dìbò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí àpótí níṣojú gbogbo ayé. Wọ́n á ya ìwé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, wọ́n á kà á sókè. O lè dúró wò ó, òfin kò lé ọ. Má ṣáà há wọn mọ́, má sì pariwo. Kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kà á. Olórí ibùdó á kọ èsì sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní EC8A, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ á buwọ́ lù ú, wọ́n á sì gba ẹ̀dà tiwọn. Ó gbọ́dọ̀ lẹ èsì mọ́ ibi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Ya fọ́tò rẹ̀. Wo iye èèyàn tí BVAS gbà wọlé, kí o fi wé iye ìbò. Bí ìbò bá ju èèyàn lọ, ọ̀ràn ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Ó máa fi BVAS ya EC8A, á sì fi ránṣẹ́ sí IReV, ojú òpó INEC tí gbogbo èèyàn ti lè wo èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà fúnra rẹ̀ á lọ sí wọ́ọ̀dù, sí ìjọba ìbílẹ̀, títí dé ọ́fíìsì INEC ní Àkúrẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ro ti gómìnà pọ̀.

Láti di gómìnà, kò tó kí èèyàn ní ìbò tó pọ̀ jù lọ nìkan. Ó tún gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìjọba ìbílẹ̀. 18 ni tiwa, nítorí náà 12 nìyẹn.

Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá yẹn, mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé tí mo máa ń fi wọn aṣọ. Ojú ewé tí mo kọ èsì sí ló ṣí sílẹ̀. Ọmọ Ìkàrẹ́, tí kò rí ìbò dì, ló bá mi ṣí IReV lórí fóònù rẹ̀: ó yan ìbò náà, ó yan ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù, àti ibùdó wa. Fọ́tò EC8A jáde, ó ṣú díẹ̀, àmọ́ ó ṣeé kà. Ó ń pè é, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì fàmì sí tèmi. Ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn, gbogbo rẹ̀ bára mu. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ kò tíì jẹun láti àárọ̀ o." Ìgbà yẹn ni mo tó rántí oúnjẹ.